Àpá Iná Lábẹ́ Ọ̀dà: Bíléèdì Fáànù Tó Ń Já Léraléra ní Ilé Ìlọta Kan ní Iléṣà

Ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ kan ní Iléṣà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Hámà míìlì ni wọ́n ń lò, irú èyí tí àwọn ajórin ń tò fúnra wọn láìsí ìwé kankan. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fi bẹ́líìtì mẹ́ta yí ṣáàfù. Àwọn hámà pẹlẹbẹ tó rọ̀ mọ́ ṣáàfù ń na àgbàdo àti sóyà títí tí yóò fi kúnná tó láti kọjá asẹ́. Lórí ṣáàfù yẹn kan náà, ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ni fáànù wà. Òun ló ń fa ìyẹ̀fun náà gba páìpù lọ sókè kó tó rọ̀ sínú àpò.

Fáànù yìí ni ẹjọ́ dá lé. Bíléèdì 6 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 220 mm, ó fẹ̀ ní 90 mm, ó sì nípọn ní 5 mm. Wọ́n jó ìdí wọn mọ́ irin roboto kan tó nípọn ní 10 mm. Ó ń yí nígbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan.

Bíléèdì kan kò tó 0.8 kg, ìka méjì lè gbé e. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ti ń yí, tí ìwúwo bíléèdì náà wà ní 240 mm sí àárín ṣáàfù, agbára tó fi ń fà láti já lọ dà bí ìgbà tí wọ́n so ẹrù 1,600 kg mọ́ ọn nídìí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Fífà yìí dúró lójú kan níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe irin ní nǹkan kan. Ohun tó ń rẹ irin ni afẹ́fẹ́ tó há sí ẹnu páìpù, tó ń gbá bíléèdì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo yíyí. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 168,000 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá lọ nǹkan fún wákàtí 6, bíléèdì kọ̀ọ̀kan ti gba ìgbátí tó lé ní mílíọ̀nù kan kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Irin tí kò ní àbùkù lè gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó bá ní ojú ọgbẹ́ kékeré kan kò lè gbà á.

Àárọ̀ ni bíléèdì àkọ́kọ́ já. Ó lu ara ilé fáànù, tó jẹ́ irin 2 mm, ó jáde lódìkejì, ó sì gbẹ́ ihò sára búlọ́ọ̀kù ògiri. Ọmọkùnrin tó ń da àgbàdo sẹ́nu ẹ̀rọ dúró sápá ibi tí púlè tí bẹ́líìtì ń yí wà, kò sí níwájú ibi tí fáànù ti ń yí. Ìdúró yẹn nìkan ló gbà á.

Ìyá tó ni ilé ìlọta ránṣẹ́ pe wẹ́dà àdúgbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń ṣe lòun náà ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ ìfárin, ó fá ojú ibi tó ti já lápá méjèèjì títí tó fi dán, ó jó o padà, ó tún fá orí jíjó náà kó lè tẹ́jú, ó wá kun ọ̀dà dúdú. Iṣẹ́ tó mọ́ lójú ni. Ní ọjọ́ kọkànlá, bíléèdì yẹn já. Kì í ṣe orí ibi tí wọ́n jó gan-an ló ti já, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, bíi 3 mm sí i.

Níbí ni àṣìṣe tó tóbi jù nínú ẹjọ́ yìí ti wáyé, kò sì sẹ́ni tó rí i bí àṣìṣe. Ojú ibi tí irin ti kán ni ìwé tí irin kọ sílẹ̀ kó tó kú. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, bó ṣe pẹ́ tó, ẹ̀gbẹ́ tí agbára ti wá, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹ̀rọ ìfárin nílò láti pa á rẹ́. Nítorí náà, ìdí tí bíléèdì àkọ́kọ́ fi já ti bá eruku irin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ Ògún lórí irú ọ̀ràn báyìí kó bọ ọ́, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ ìfárin lọ́wọ́ wẹ́dà.

Wẹ́dà wá ní irin ni kò dáa. “Màmá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún wa nísinsìnyí, ẹ̀tàn ni. Ẹ jẹ́ n lo sípírìn tírélà fún yín. Ìyẹn ò mọ̀ ọ́n já.” Ìyá gbà. Ó gé bíléèdì kan lára ewé sípírìn tó nípọn ní 8 mm, ó jó o sí ipò èyí tó já, ó fi márùn-ún yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Bí wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ, ilẹ̀ ń mì. Bíléèdì tuntun fi bíi 0.46 kg wúwo ju èyí tó kọjú sí i lọ. Ìyàtọ̀ tó tó agolo mílíìkì kan péré ni tí a bá gbé e lé ọwọ́, ṣùgbọ́n ní 2,800 yíyí ní ìṣẹ́jú kan ó ń fa ṣáàfù sápá kan pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, tó sì ń yípo pẹ̀lú ṣáàfù nígbà bíi 47 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni bérìn tó gbé ṣáàfù dúró fi gbà á mọ́ra. Gírísì yọ́ jáde, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ṣẹ́ gbẹ̀ẹ́rẹ́, òkúta adìyẹ sàn jù wọ́n lọ.

Mẹkáníìkì tó wá pààrọ̀ bérìn ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ìbéèrè tó dá lórí nǹkan tí a lè wọ̀n. Ó kéré sí wẹ́dà lọ́jọ́ orí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ gbé bíléèdì yìí sórí ìwọ̀n kí ẹ tó jó o?” Ẹ̀gbọ́n kò gbé e. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di sípírìn, kí wọ́n lè dọ́gba.

Mímì náà rọlẹ̀. Gbogbo èèyàn sinmi. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbójú fò. Bíléèdì 8 mm ń fa 2,600 kg dípò 1,600 kg, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ara rẹ̀. Bí irin ṣe nípọn sí i ni ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà, tí ó bá di ti fífà yìí, ohun tí mm kọ̀ọ̀kan ń gbé kò dín kù rárá. Nínípọn máa ń ran bíléèdì lọ́wọ́ lórí títẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n jíjó tó so ó mọ́lẹ̀ kò tóbi sí i, tọ́ọ̀nù kan àfikún sì ti dé bá a.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, bíléèdì kan tún já. Kì í ṣe ipò ti àkọ́kọ́. Èyí tó kọjú sí i ni.

Wẹ́dà ti ń fa wáyà ẹ̀rọ ìfárin bọ̀ nígbà tí mẹkáníìkì dé. Ó bẹ̀ ẹ́ kó dúró ná. Wọ́n tú fáànù kúrò lórí ṣáàfù lódindi. Ó gbé apá tó já, ó fi nylon gbígbẹ wé e lọ́tọ̀, ó fi òmíràn bo kùkùté tó kù lórí irin roboto. Kò fi omi fọ̀ wọ́n, kò fi ìka ra ojú wọn, kò sì gbé apá méjèèjì ko ara wọn láti wò bóyá wọ́n ṣì bá ara mu. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọwọ́ máa ń yún gbogbo èèyàn láti ṣe, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ojú méjì bá kora wọn ni àwọn òkè tíntìntín tó ń sọ ìtàn máa ń fọ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀, sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò irin.

Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kankan wò ó, ojú lásán ti rí nǹkan. Ojú ibi tó kán pín sí ọ̀nà méjì. Ìdá kan ń dán gbẹrẹgẹdẹ bí irin tó ń kọ mọ̀nà, ó rí ṣàkìṣàkì bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ ṣúgà onígun. Ibẹ̀ ló já lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ tó já. Ìdá yòókù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, tẹ́jú, ó ṣú díẹ̀, ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí rẹ̀, àwọn ìlà rédérédé sì tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ bí ìlà ẹ̀yìn ìkarahun ìgbín. Àárẹ̀ irin nìyẹn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ibi tí sísán náà dé kó tó sinmi. Ìpáàrà tó wà níbẹ̀ fi hàn pé ojú náà ti là sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ ṣì ń lọ àgbàdo, tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn ìlà ìgbín yìí máa ń yí ojú kan ká. Ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn sẹ́yìn, láti èyí tó gbòòrò jù títí dé èyí tó kéré jù, yóò bá ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Nínú bíléèdì yìí, wọ́n kó ara jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, 15 mm sókè ibi tí wọ́n jó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọ̀dà dúdú lọ. Wọ́n fi òògùn tú ọ̀dà kúrò. Àmì kan yọ, kò ju hóró ọkà bàbà lọ, àárín rẹ̀ jìn wọlé díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣú bí aró.

Wọ́n gé irin náà gba ẹ̀gbẹ́ àmì yẹn kọjá, wọ́n fá a títí tó fi dà bíi dígí, wọ́n fi ásíìdì nítíríkì díẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọtí sípírítì ra ojú rẹ̀. Lábẹ́ maikirosikópù, ibi tí àmì wà funfun, kò gba ásíìdì bíi ti ara irin yòókù. Ẹ̀rọ tó ń wọn líle irin fi hàn pé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó ìlọ́po méjì ara irin tó yí i ká. Láàárín ibi funfun náà ni ẹ̀là bíńtín kan wà, kò gùn tó ìdajì mm. Ẹ̀là yẹn ni ìyá gbogbo sísán.

Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka irú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2002, hẹlikọ́pítà Sikorsky S-76A kan já sínú Òkun Àríwá, létí Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ kiri àwọn ibùdó gáàsì orí omi. Èèyàn 11 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè. Bíléèdì ńlá kan ló kán lókè. Nígbà tí àwọn olùwádìí AAIB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ̀ ẹ́ wò, àárẹ̀ irin ni wọ́n bá nínú egungun bíléèdì náà, ìyẹn ọ̀pá inú rẹ̀ tó ń gbé ẹrù, tí wọ́n fi irin titanium ṣe. Ìlà àárẹ̀ náà padà sí ibi kan tí ooru ti yí irin padà. Ibo ni ooru ti wá? Ní ọdún 1999, nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú, mànàmáná ti lu bíléèdì yẹn lójú òfúrufú. Wọ́n tú u, wọ́n dá a padà fún àwọn tó ṣe é, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ó ṣì dára, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbùkù kan ti wà látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, níbi tí apá méjì ìbòrí iwájú rẹ̀ ti pàdé. Ibẹ̀ ni iná mànàmáná rí fò gbà, ó jó egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbòrí bo àpá náà mọ́lẹ̀. Ojú kò rí i.

Ẹ fi wé ti Iléṣà. Iná wẹ́dà dípò iná mànàmáná, ọ̀dà dúdú dípò ìbòrí, sípírìn tírélà dípò titanium. Bíléèdì méjèèjì ló gbé ẹrù wọn dáadáa títí tí ojú kan ṣoṣo tí iná ti fọwọ́ kàn fi dá wọn dúró.

Kì í ṣe iná nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1968, hẹlikọ́pítà Sikorsky S-61L kan tó ń kó èrò já ní Compton, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, èèyàn 21 sì kú. Irin tó so bíléèdì mọ́ àárín ló kán. Níbi tí sísán ti bẹ̀rẹ̀, irin náà kò le tó bó ṣe yẹ, wọn kò sì fi àwọn ọta kéékèèké lu ojú rẹ̀ tó, èyí tí wọ́n máa ń ṣe kí irin má bàa tètè sán. Èyí rọ̀ jù, ti Iléṣà le jù. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ojú kan wà lára irin tí kò rí bí ara tó kù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wádìí bíléèdì fi máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó yàtọ̀, kó tó wá ẹni tó jẹ̀bi.

Wọ́n pe wẹ́dà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: níbo lẹ ti máa ń tanná? Kò fi nǹkan pamọ́. Ó mú ẹlẹ́tíróòdù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin, ó sì ṣe é lójú wọn. Ó gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ ara bíléèdì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀pá rẹ̀ lè bọ́, iná tàn, ó wá fà á wálẹ̀ sí ibi tó fẹ́ jó. Ibi tó gbá a mọ́ fi bíi ìka kan ga ju ìdí lọ.

Bó ṣe ń jó géètì láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kò sì sí géètì tó já nítorí rẹ̀. Irin géètì rọ̀, kò ní kábọ́ọ̀nù tó bẹ́ẹ̀, géètì kì í sì í yí nígbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan. Sípírìn ni ọ̀rọ̀ yí padà fún. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀, òun ló jẹ́ kó lè tẹ̀ kó sì padà. Nígbà tí iná bá fọwọ́ kàn án ní ojú kékeré, ibẹ̀ á yọ́, irin tútù tó yí i ká á sì fa ooru náà mu lójú ẹsẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ri àdá pípọ́n bọ omi gẹ́lẹ́ ni. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé àdá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi lè fọ́ bí àwo, ó máa ń dá a padà sínú iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí líle rẹ̀ lè rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó dá àpá wẹ́dà padà sínú iná. Irin tí wọ́n yàn torí pé ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ ni irin tí kò lè gba àpá náà.

Wọ́n yẹ márùn-ún yòókù wò pẹ̀lú omi aró pupa tí wọ́n fi ń wá ẹ̀là: wọ́n kùn ún, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n nù ún kúrò pátápátá, wọ́n wá fọ́n ẹfun funfun sí i. Méjì nínú wọn yọ ìlà pupa létí ibi tí wọ́n jó wọn mọ́. Àwọn náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n sọ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù.

Fáànù tuntun padà sí irin rírọ̀, 5 mm, tí wọ́n gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára pátákó irin kan náà. Wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, wọ́n fá èyí tó wúwo títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ju 5 g lọ, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó bá ara mu jù kọjú síra wọn. Jíjó wà lẹ́yìn àti níwájú ìdí bíléèdì kọ̀ọ̀kan, ó yí igun rẹ̀ ká láìdáwọ́ dúró, nítorí ibi tí jíjó bá dúró sí létí igun ni sísán fẹ́ràn. Inú kòtò jíjó nìkan ni wọ́n ti tanná. Kílípù tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ ìjórin, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, wà lórí irin roboto tí wọ́n ti fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò, torí kílípù tó bá wà lórí ọ̀dà máa ń ta iná tirẹ̀, á sì fi àpá mìíràn sílẹ̀.

Fáànù kò sí lórí ṣáàfù nígbà tí wọ́n jó o. Ẹ fojú sí èyí dáadáa. Tí fáànù bá wà lórí ṣáàfù, tí kílípù wà lára férémù ẹ̀rọ, inú bérìn ni iná máa gbà kọjá, á máa ta láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka rẹ̀. Bérìn bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n fi fáànù sórí ọ̀pá tó gún, wọ́n gbé ọ̀pá náà lé etí irin méjì tí wọ́n ti fi ìwọ̀n-omi tẹ́jú. Apá tó wúwo yí wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun sàmì sí i, wọ́n fá díẹ̀ kúrò ní etí irin roboto, wọn kò kan bíléèdì. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é kó tó di pé ibikíbi tí wọ́n bá dá a dúró sí ló ń dúró. Àwọn hámà náà gun ìwọ̀n. Látìgbà náà, odindi sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pààrọ̀, wọn kì í pààrọ̀ ẹyọ kan. Ara ilé fáànù di 6 mm, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀ ní ọ̀gangan ibi tó ti ń yí, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ojú ìlà náà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Egungun bíléèdì hẹlikọ́pítà S-61 ní ihò nínú, wọ́n rọ afẹ́fẹ́ náítírójìn sínú rẹ̀, wọ́n sì fi àmì kan sí ìdí rẹ̀ tó máa yí àwọ̀ padà bí afẹ́fẹ́ yẹn bá jò, nítorí ẹ̀là ló sábà máa ń jẹ́ kó jò. Ilé ìlọta kò ní irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò báyìí ni kẹrosíìnì àti ẹfun. Lẹ́yìn wákàtí 50 iṣẹ́, wọ́n á ṣí ilé fáànù, wọ́n á fi kẹrosíìnì nu ìdí bíléèdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó dúró fún ìdajì wákàtí, wọ́n á fi àkísà gbígbẹ nù ún kúrò, wọ́n á wá fi ẹfun ra á. Bí ẹ̀là bá wà, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á padà yọ, ìlà tútù kan á sì là lórí ẹfun. Nítorí èyí, wọn kò kun ìdí bíléèdì mọ́. Òróró díẹ̀ ni wọ́n ń fi pa á kí ìpáàrà má bàa mú un.

Wẹ́dà náà ti jó àjákù irin kan mọ́ etí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti ń gbá ẹnu ẹlẹ́tíróòdù kó tó gbé e lọ sórí iṣẹ́, àti orí géètì pàápàá. Ojú irin náà ti kún fún àpá, ó rí kókókó bí awọ ọ̀nì.